Èémí Màámi Tí Ẹ Fi Ń Kọrin

Bàámi,

Ẹ ó rí i pé mi ò kọ "ọ̀wọ́n" tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fa igi lé e. Irọ́ ni ì bá jẹ́, bẹ́ẹ̀ nínú àwa méjèèjì, èmi kọ́ ni òṣèré. Òkú Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tí gbogbo Ìbàdàn ń pè yín, orúkọ òde nìyẹn. Nínú ilé, bàbá mi lẹ jẹ́, ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ, láìsí gìtá níbẹ̀.

Àná la ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ yín. Àwọn ẹbí tún ní kí n dìde lójú gbogbo èèyàn, kí n sọ pé mo foríjì yín. Ẹ mọ̀ ọ́n bó ṣe máa ń rí nílé wa: kí wọ́n tó gbé òkú jáde, Àáfáà á ní kí ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀ fi jì í nítorí Ọlọ́hun, àwọn èèyàn á sì dáhùn pé àwọn fi jì í. Lọ́jọ́ tí ẹ kú, gbogbo ẹnu ló dáhùn àfi tèmi. Lọ́jọ́ kẹjọ wọ́n tún bi mí, mo tún dákẹ́. Láti ìgbà náà ni Bàbá Mọ́gàjí, ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ olórí ẹbí, ti sọ ilé mi ní Òkè-Bọ́lá di ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ẹ ò lè sinmi ní sàréè nítorí ẹnu mi. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá foríji òbí rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ náà ò ní foríjì í. Màá gbé omi fún wọn, wọ́n á mu ún tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Lánàá mo dìde, mo sì sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, torí mo mọ ilé wa, wọ́n á ti bù mọ́ ọn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ní ẹ máa pààrọ̀ ṣì ń jò. Pósí tí ẹ fi ń ṣeré ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ewúrẹ́ Ìyá Ràfíù, alábàágbé wa, ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ ti ya ojú yín sí ara ògiri iwájú ilé, pẹ̀lú tìróò lójú àti ẹ̀jẹ̀ lágbọ̀n. Obìnrin kan wá láti Èkó, ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn yín, ó ní kí n dúró ti àwòrán náà kí òun ya mí. Ó ní mo jọ yín gan-an. Mo ní ojú ló ń dùn ún.

Àkàndá èèyàn ni wọ́n ń pè yín lórí rédíò nísinsìnyí. Ṣebí ẹnu yìí kan náà ni wọ́n fi ń bú yín nígbà kan? Mo dàgbà tó láti rántí ìgbà tí àwọn àáfáà Ọjà'ba àti àwọn pásítọ̀ Òkè-Àdó, tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, fohùn ṣọ̀kan pé iṣẹ́ èṣù lẹ ń ṣe. Ọlọ́pàá mú yín, wọ́n tú yín sílẹ̀, èrò tó wá wò yín ní Mápó lẹ́yìn ìyẹn sì di ìlọ́po. Ẹ padà wálé, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní àwọn tó ń fi yín ṣe ìwàásù ń bá yín polówó ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ ilé kéú lẹ jẹ́. Ajísààrì lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ yín, tí ẹ ń fi agogo àti agolo jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì, láti Bẹyẹrúnkà dé Ọ̀rányàn. Màámi máa ń sọ pé ohùn yín ló jí àwọn kí àwọn tó mọ ojú yín, pé àwọn jókòó lórí ẹní, àwọn ò lè fọwọ́ kan oúnjẹ títí ẹ fi kọjá. Ìtàn yẹn máa ń dùn mọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nísinsìnyí mo máa ń rò ó pé ì bá sàn ká ní wọ́n sùn lọ fọnfọn.

Lẹ́yìn náà lẹ lọ wo fíìmù kan nílé sinimá, ẹ rí àwọn òyìnbó tí wọ́n kun ojú, tí wọ́n ń ké bí ẹni tí iná ń jó, tí gìtá wọn ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ dé, ẹ ní ẹ ti rí iṣẹ́ yín. Ẹ ní gbogbo ìlú yìí ló ń bẹ̀rù ikú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin á jẹ́ kí wọ́n máa sanwó kí wọ́n tó bẹ̀rù. Ẹ lọ bá káfíńtà kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ pé kó kan pósí. Ó bi yín pé ta ló kú, ẹ ní ẹ̀yin ni. Ó kọ̀, ó ní òun kì í wọn alààyè. Ni ẹ bá dùbúlẹ̀ lórí pákó fúnra yín, ó sì dijú fi ẹfun fa ìlà yí yín ká. Gbogbo Bẹ́ẹ̀rẹ̀ dúró wò yín. Ẹ máa ń sọ ìtàn yìí fún àlejò, ẹ ó sì máa fi ara ṣe é, ẹ ó tún dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an lẹ ti kọ́kọ́ ṣeré, kì í ṣe Mápó.

Ẹ mọ iṣẹ́ yín, mi ò ní fi ìbínú jẹ́rìí èké. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Tìróò Màámi lẹ fi ń kun ojú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́nu yín, zóbò tí Màámi sè ni, tí wọ́n fi ògì díẹ̀ mú kó ki. Òjòlá inú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń gbé kọ́rùn, Màámi ló ń wá eku fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òjòlá, ẹ̀rù aláǹgbá ń bà yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ẹ̀jẹ̀ sára, ẹ kì í lè wo àgbò tí wọ́n ń pa lọ́jọ́ Iléyá. Inú yàrá lẹ máa ń wà títí wọ́n á fi bó o tán, ẹ ó wá jáde wá béèrè ẹ̀dọ̀. Báwo ló ṣe jẹ́ tí gbogbo ìlú fi rò pé ẹ̀yin lẹ láyà jù ní Ìbàdàn? Màámi ló láyà, ẹ̀yin lẹ ń gba àtẹ́wọ́ rẹ̀.

Ká dé ibi tó ń dùn mí. Ẹ mọ̀ pé ikọ́ fée ń bá Màámi jà. Eruku díẹ̀, èéfín díẹ̀, òtútù ọyẹ́, àyà wọn á há, èémí á máa sú bíi fèrè tó là. Ọdún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ó gbé wọn débi tí ètè wọn ṣú. Ẹ̀yin lẹ gbé wọn jókòó, ẹ fín òògùn sí wọn lẹ́nu, ẹ ń rọra fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn títí ó fi rọlẹ̀. Mo ń wò yín láti ẹnu ọ̀nà, mo sì fẹ́ràn yín lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àfi bí ẹ ṣe dìde tí ẹ lọ dúró síbi fèrèsé, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lọ́fun ara yín. Hììì, féè. Hììì, féè. Omi ojú Màámi ò tíì gbẹ.

Ohun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ "Ẹ Ṣí Pósí" nìyẹn, orin tó sọ yín di èèyàn ńlá. Wọ́n á pa gbogbo iná gbọ̀ngàn Mápó. Nínú òkùnkùn, pósí nìkan ló wà lórí ìtàgé, ẹ̀yin àti màíkì sì wà nínú rẹ̀. Èrò á kàn máa gbọ́ ẹnì kan tí kò rí èémí mí. Á máa le, á máa le sí i, títí àwọn èèyàn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé "Ṣí i! Ṣí i!" Ìgbà tí ariwo bá dé góńgó ni gìtá á ké, ìdérí á fò, ẹ ó sì dìde nínú aṣọ funfun. Àwọn obìnrin ń dákú. Àwọn ọkùnrin ń sá jáde, wọ́n tún ń sá padà wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo ọmọdé láti Mápó dé Ọjà'ba ló ń mí hììì, féè, kiri àdúgbò. Níléèwé, wọ́n ń mí in sí mi létí. Tí mo bá yíjú, wọ́n á ní "Ṣí i!", wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún yín, mo ń sunkún. Ẹ ní kí n yọ̀, pé ìlú ti gba orin wa.

Wọ́n gbà á, lóòótọ́.

Yàrá apá ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ fi ń dánra wò. Ẹ kó tìmùtìmù àlòkù dí fèrèsé rẹ̀, kí ariwo má bàa jáde jù, nítorí Bàbá Mọ́gàjí ti halẹ̀ mọ́ yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ lọ sí Mápó láti lọ wo ìtàgé, èmi sì wà níléèwé. Màámi wọ yàrá náà láti gbá a, torí kò sẹ́lòmíì tó ń gbá a. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí eruku má bàa fẹ́ sára aṣọ tí wọ́n sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eruku tìmùtìmù yín ló gbé ikọ́ náà dìde.

Àwọn ará ilé gbọ́ ọ. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lójú yín rí, nítorí náà màá sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó wà níta gbọ́ ọ. Ìyá Ràfíù tó ń ṣa ìrẹsì gbọ́ ọ. Àwọn tó ń dirun gbọ́ ọ. Hììì, féè. Yàrá yín ló ti ń wá, yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹ ti jáde, wọ́n ní Òkú Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ràfíù tó fẹ́ràn yín, tó mọ orin náà láti orí dé ìdí, ló kọ́kọ́ fẹ̀rín dáhùn pé "Ṣí i!" Àwọn yòókù gbè é. Bó ṣe ń le sí i nínú yàrá ni wọ́n ń pariwo sí i níta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń retí gìtá. Nígbà tí gìtá ò ké, tí yàrá sì dákẹ́, wọ́n rò pé iná ló lọ. Ẹnì kan tiẹ̀ bú àwọn oníná mànàmáná, ló bá ń dirun rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn náà nígbà tí mo dé láti iléèwé, torí mò ń wá Màámi. Mi ò ní kọ ohun tí mo rí.

Wọ́n sin Màámi kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Ẹ sunkún, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Ẹ sunkún débi pé ọkùnrin mẹ́ta ló dì yín mú. Mo wò yín, mo sì rò pé ó parí nìyẹn, pé etí mi ò ní gbọ́ hììì, féè, mọ́ láyé. Ní Sátidé, ẹ gbé pósí sínú ọkọ̀, ẹ lọ sí Mápó, ẹ sì mí in.

Ẹ mí in, Bàámi. Ọ̀sẹ̀ kan náà. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè ò tíì gbẹ. Kí ló wà lọ́kàn yín nínú òkùnkùn pósí yẹn? Ṣé ọ̀fun yín ò sọ fún yín pé ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín mọ́? Nígbà tí èrò ń pariwo "Ṣí i", ta lẹ rò pé wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ẹ ò ṣeré tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹ mí in débi pé àwọn kan dìde fẹ́ gun orí ìtàgé lọ ṣí pósí náà. Àjèjì dìde, Bàámi. Àwọn tó sanwó wọlé dìde. Nínú ilé tiwa, kò sẹ́ni tó dìde, nítorí ẹ ti kọ́ wọn pé eré ni.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń gbè yín pé iṣẹ́ ni iṣẹ́, pé òṣèré kì í bọ́ aṣọ sílẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀. Kò burú. Ṣé orin kan ṣoṣo lẹ ní ni? Ẹ ò lè fi gìtá bẹ̀rẹ̀? Ẹ ò lè jáde kí ẹ kí èrò bí ọmọlúàbí? Ẹ lo èémí náà ní ọdún yẹn, ẹ lò ó ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ gbé e dé Èkó àti Ìlọrin, ẹ sì ń gbowó lé e lórí. Iléèwé tí mo lọ, èémí náà ló san án. Oúnjẹ tí mo jẹ dàgbà, èémí náà ni. Ṣé ẹ rí ohun tí ẹ fi mí ṣe?

Ìyá Ràfíù wá bẹ̀ mí. Àgbàlagbà obìnrin, wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọdé tó wọ aṣọ iléèwé. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, wọ́n ní àwọn làwọn kọ́kọ́ pariwo, kí n má fi ojú burúkú wo àwọn. Lọ́dọọdún, tí Ràmàdáánì bá ti ku ọ̀la, wọ́n tún máa ń wá, wọ́n á tún sọ ọ́ látòkè délẹ̀, kò rẹ̀ wọ́n rí. Mo ti foríjì wọ́n tipẹ́. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Ẹnì kan dá orin, wọ́n gbè é. Ẹ̀yin tí ẹ dá a ò sọ gbólóhùn kan fún mi títí ẹ fi kú. Mo dúró dè yín. Mo dúró nígbà tí mo parí ìwé. Mo dúró lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí tí ẹ ń ṣàdúrà. Mo ní bóyá yóò bọ́ lẹ́nu yín lónìí. Ẹ ṣàdúrà ọmọ, ẹ ṣàdúrà owó, ẹ ní kí n má gbàgbé láti máa wá kí yín.

Nígbà tó yá, ayé yí mọ́ yín lọ́wọ́, mi ò sì ní sọ pé ó dùn mí. Òjòlá kú. Àwọn tó ń lu gìtá fún yín ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan di ajíhìnrere, ọ̀kan ń ta páàtì ọkọ̀. Ìlú ti rí ohun tó ń dẹ́rù bani ju òkú tó ń dìde lọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣí ilé ọtí lẹ ti ń ṣeré. Wọ́n ń jẹran, wọn ò wò yín. Mo rí yín lẹ́ẹ̀kan ní Òkè-Àdó, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ fọwọ́ di pósí náà mú kó má ré bọ́, oòrùn ti yọ́ tìróò sí yín lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ jọ ẹni tó ń lọ sin ara rẹ̀, tí kò rí aláàánú. Mi ò kí yín, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ayé òde òní wá rí orin yín lórí fóònù, ni òkú bá tún dìde. Wọ́n ń ti Èkó wá, wọ́n ń gbé kámẹ́rà. Ẹ ti darúgbó, eyín ti ń yọ, ẹ sì tún mí in fún wọn. Èmi lẹ ní kí n wá bá yín fi tìróò kun ojú lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí? Mo ní ọwọ́ mi dí.

Ẹ kú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìrun asúbà, lórí ẹní, láìsí iná, láìsí èrò. Ẹni tó bá yín níbẹ̀ ní ẹ kàn sùn lọ ni, pé èémí yín tiẹ̀ dùn ún gbọ́. Inú bí mi sí ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò kún láti ẹnu ọ̀nà wa dé ojú títì. Àwọn ọmọ yẹn ní inú pósí yín ni kí wọ́n gbé yín sí. Bàbá Mọ́gàjí ní mùsùlùmí kì í wọ inú àpótí lọ bá Ọlọ́hun, wọ́n sì fi aṣọ funfun wé yín bí wọ́n ṣe ń wé gbogbo èèyàn. Kí wọ́n tó gbé yín jáde, Àáfáà béèrè àforíjìn. Gbogbo ilé dáhùn. Mo ti la ẹnu, Bàámi. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́, mo ti la ẹnu láti dáhùn. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ tó wà níta bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n fẹ́ fi orin yín sìn yín. Gbogbo wọn pa pọ̀. Hììì, féè. Hììì, féè. Gbogbo títì Bẹyẹrúnkà ń mí ikú Màámi, ẹnì kan sì ké láti ẹ̀yìn pé "Ṣí i!" Ẹnu mi pa dé. Ìyẹn ni àwọn ẹbí ń pè ní ọkàn líle.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n rò pé mo kórìíra orin náà. Mo kórìíra rẹ̀, ó sì wà lórí fóònù mi. Nígbà tí ẹ ń ṣe àwo rẹ̀, ẹ ò rí èémí náà mí dáadáa. Ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ní ó ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ẹ sáré wálé, ẹ mú Màámi lọ. Ara wọn le lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró níwájú màíkì, wọ́n sì fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n mí in bí ó ṣe máa ń gbé wọn gẹ́lẹ́. Ẹ ra àńkárá fún wọn, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo agbo ilé pé àwọn náà ti di olórin. Nítorí náà, èémí tó wà lórí àwo kì í ṣe tiyín. A ò ní ohùn Màámi níbòmíì. Tí mo bá dá wà, màá tẹ̀ ẹ́, màá gbọ́ wọn, wọ́n á mí, wọ́n á tún mí, tó bá sì kù díẹ̀ kó parí, tí etí èèyàn bá mú, wọ́n ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni gìtá yín ti wọlé, tó bo ẹ̀rín náà mọ́lẹ̀. Màá tètè pa á kí ó tó ké. Mi ò tíì gbọ́ orin yín já rí láti ọdún tí Màámi kú.

Lánàá, Àáfáà ṣe ìwàásù tán, wọ́n yíjú sí mi. Bàbá Mọ́gàjí ní kí n ṣe é nítorí tiwọn, bí mi ò bá lè ṣe é nítorí tiyín. Mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo sì sọ báyìí:

"Àáfáà, èyí tí Bàámi ṣẹ̀ mí, mo ti fi jì wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹ̀tọ́ ẹni, àfi ẹni tó ni ín ló lè yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ni èémí náà, Màámi ló ni ín. Bàámi ti wà níbi tí Màámi wà báyìí. Kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ fúnra wọn."

Àáfáà ní òótọ́ ni mo sọ. Bàbá Mọ́gàjí ṣí fìlà, wọ́n fi nu ojú, wọ́n sì dé e padà. Kò sẹ́ni tó tíì ṣàdúrà, ṣùgbọ́n Ìyá Ràfíù ṣe "Àmín" láti orí ẹní wọn.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín nìyẹn. Kò sí èrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa pa iná, kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́. Ẹ má kọrin fún wọn. Ẹ má fi ẹ̀fẹ̀ bò ó bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ò bẹ̀rù ohun tí ayé máa sọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe ní Sátidé yẹn, ẹ pè é lórúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá fi jì yín, ẹjọ́ tán, mi ò ní gbin mọ́. Tí wọn ò bá sì fi jì yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi lójú àlá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Tí ẹ bá rí wọn lókèèrè, ẹ má sáré lọ bá wọn. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mí dáadáa.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
èyí tí Màámi bí fún yín.